Bí ẹ ṣe lè padà wo fíìmù ẹranko àtijọ́ yẹn, ẹ̀yin àtàwọn ọmọ yín

Ẹ kú ilé o. Ẹni tó bá dàgbà sílé tí wọ́n ti ní fídíò láyé ọjọ́un á mọ irú fíìmù tí mò ń sọ. Ó lè má jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n irú ẹ̀ wà nílé yín: fíìmù ẹranko kan báyìí, àwọ̀ ẹ̀ ti ṣí, orin ń dún gbàgbàgbà, ọkùnrin òyìnbó kan ń sọ̀rọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin bí ẹni tí ò mí, gbogbo ilé á sì jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì wò ó ní Sátidé tí iná bá wà. Tiwa ni White Wilderness, fíìmù Disney tó jáde lọ́dún 1958. Àǹtí wa tó wà ní London ló fi kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀ rán ẹnì kan sí wa, ẹ̀dà tí wọ́n kọ látinú ẹ̀dà ni, ìlà funfun máa ń sá kọjá lójú àwòrán, àwa ò sì bìkítà. Àwọn ẹranko ilẹ̀ òtútù ní àríwá ayé ló dá lé, béárì funfun, ìkookò, àtàwọn eku kékeré kan tí wọ́n ń pè ní lemming.

Àwọn eku yẹn lọ̀rọ̀ wà lórí ẹ̀. Nínú fíìmù náà, wọ́n á kóra jọ, wọ́n á máa sáré, wọ́n á sáré títí dé etí ọ̀gbun kan, wọ́n á sì máa já sómi, ọkùnrin tó ń sọ̀tàn á ní nǹkan kan ló dì mọ́ wọn tí wọn ò fi lè dúró. Bàbá mi fi ibẹ̀ tọ́ wa. Tí ọ̀rẹ́ bá fẹ́ fà wá lọ síbi tí ò dáa, wọn ò ní pariwo, wọ́n á kàn ní "ẹ rántí eku o", ó ti tán nìyẹn.

Irọ́ ni. Àwọn eku yẹn ò pa ara wọn, àwọn tó ya fíìmù náà ló dà wọ́n débẹ̀, bí wọ́n ṣe ń da ẹran lọ sọ́jà.

Ọdún 1982 ni tẹlifíṣọ̀n CBC ní Kánádà tú àṣírí ẹ̀ nínú ètò kan tí wọ́n pè ní Cruel Camera. Ìpínlẹ̀ Alberta ni wọ́n ti ya apá eku yẹn, Alberta ò sì bá òkun kankan pààlà, eku lemming gan-an kì í ṣe ará ibi tí wọ́n ti yà á. Ọwọ́ àwọn ọmọdé Inuit, ẹ̀yà onílẹ̀ tó ń gbé ilẹ̀ òtútù, ní ìpínlẹ̀ Manitoba ni wọ́n ti lọ rà wọ́n wá. Wọn ò pọ̀, ìwọ̀nba mélòó kan ni, ni wọ́n bá gbé wọn sórí àwo ńlá kan tó ń yí bírí, wọ́n da sínóò sí i lórí, wọ́n wá ń yà wọ́n lápá ọ̀tún, wọ́n ń yà wọ́n lápá òsì, kó lè jọ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún eku ló ń rìnrìn àjò. Lẹ́yìn náà wọ́n dà wọ́n sínú odò Bow, odò tó gba inú ìlú Calgary kọjá, òun ni wọ́n pè ní òkun. Ọmọ béárì funfun tó ń yí gbirigbiri bọ̀ látorí òkè sínóò náà, inú sítúdíò ní Calgary ni wọ́n ti yà á. Fíìmù yìí kan náà ló gba Oscar gẹ́gẹ́ bíi dókúmẹ́ńtárì tó dáa jù lọ lọ́dún 1959.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀, inú bí mi débi pé mo gbé kásẹ́ẹ̀tì yẹn lọ sídìí ilẹ̀ tí à ń da pàǹtí sí. Mo gbé e padà wálé. Mo ti wá bá àwọn ọmọ mi wò ó báyìí, ìgbà mẹ́ta, mo sì fẹ́ sọ bí mo ṣe ṣe é, torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ òbí, tí wọ́n bá ti gbọ́ pé fíìmù kan ní irọ́ nínú, wọ́n á pa á tì, tàbí kí wọ́n fi í fọ́mọ wò bó ṣe wà láìsọ nǹkan kan. Méjèèjì ò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ká tètè mú ọ̀rọ̀ kásẹ́ẹ̀tì kúrò ńlẹ̀. Tó bá jẹ́ kásẹ́ẹ̀tì gidi lẹ ní, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sójú fèrèsé kékeré tó wà lára ẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí nǹkan funfun bí ẹfun lára téépù, ó ti bu nìyẹn, ẹ má kì í bọ ẹ̀rọ, á ba orí ẹ̀rọ jẹ́, kásẹ́ẹ̀tì míì tẹ́ ẹ bá tún kì bọ̀ ọ́ á sì kó o. Ẹ gbé e fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kíkọ fídíò àtijọ́ sínú flash. Tó bá mọ́, ẹ kọ́kọ́ sáré yí i dé òpin, kẹ́ ẹ yí i padà, torí téépù tó ti jókòó lójú kan fún ogún ọdún máa ń lẹ̀ mọ́ra. Tí ìlà bá ń sá kọjá, ẹ tẹ bọ́tìnnì tracking díẹ̀díẹ̀. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà nígbà tó bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ má dúró dọ̀la.

Ẹ̀yin nìkan lẹ máa kọ́kọ́ wò ó. Lálẹ́, tí àwọn ọmọ bá ti sùn, pẹ̀lú jọ́tà àti bírò. Ẹ kọ ìṣẹ́jú tí gbogbo nǹkan tó bá kọ yín lóminú bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ibi tí ẹran ti kú, ibi tí ọkùnrin yẹn ti sọ ohun tí ò dá yín lójú. Ibẹ̀ náà lẹ ó ti mọ ọmọ tó lè bá yín wò ó. Èmi ò jẹ́ kí àbígbẹ̀yìn mi wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin ni, kò tíì mọ̀yàtọ̀ láàárín ẹran tó kú nínú àwòrán àti adìẹ tó kú léyìnkùlé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, ó ti lè gbà á.

Ìgbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá jọ wò ó, ẹ má sọ nǹkan kan. Mo mọ̀ pé ó nira, ẹnu á máa yún yín. Ṣùgbọ́n ọmọ tẹ́ ẹ bá ti sọ fún pé irọ́ ni kó tó wò ó, ohun kan ṣoṣo tó máa mọ̀ ni pé òbí òun ní irọ́ ni. Ẹ jẹ́ kó gbà á gbọ́ bí ẹ̀yin náà ṣe gbà á gbọ́. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, jókòó tì mí, nígbà tí àwọn eku yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í já sómi, ó di apá mi mú, èékánná ẹ̀ ń wọ̀ mí lára, kò mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dákẹ́ títí wọ́n fi kọjá. Ó wá ní, "Mọ́mì, kí ló dé tẹ́nì kankan ò gbà wọ́n?"

Mo ní, "Ta ló wà níbẹ̀ tí ì bá gbà wọ́n?"

Ó ronú, ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó wò mí. "Ẹni tó ń ya fídíò."

Mo ti ní ogún ìbéèrè tí mo fẹ́ bi í, mo ya bébà yẹn jù. Ìbéèrè ọmọ yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ mú wọ ìgbà kejì, ẹ má wá òmíì: níbo ni ẹni tó ń ya fídíò wà?

Ìgbà kejì nìyẹn, ọjọ́ kejì tàbí ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ gbé rìmóòtì fún ọmọ. Tí àwòrán bá ti yí, kó dá a dúró, kó nawọ́ sí ibi tí kámẹ́rà wà: iwájú, ẹ̀yìn, òkè, ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ wọn ò tíì rí nǹkan kan, á fẹ́ sú wọn, ẹ mú sùúrù. Lẹ́yìn náà ló máa bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á rí i pé eku tó ń sá bọ̀ wá sọ́dọ̀ kámẹ́rà tún ń sá lọ níwájú kámẹ́rà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ bi wọ́n pé ṣé kámẹ́ráàmàn fò kọjá lórí eku ni, àbí eku náà sáré lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n á rí ẹran tó wà nínú ihò abẹ́ ilẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ sì wà níbẹ̀ gbòò bí ọ̀sán. Báwo ni ìmọ́lẹ̀ ṣe débẹ̀? Nínú irú fíìmù báyìí, wọ́n máa ń la ẹ̀gbẹ́ ihò ni, wọ́n á fi gíláàsì dí i, wọ́n á tan iná sí i. Ẹ ní kí wọ́n wo òjìji. Tí òjìji ẹran bá wà lápá òsì, tí èyí tó tẹ̀ lé e wà lápá ọ̀tún, nígbà tí ọkùnrin tó ń sọ̀tàn ní ìṣẹ́jú kan náà ni, ó ti di wákàtí míì nìyẹn, bóyá ọjọ́ míì, bóyá ẹran míì pàápàá.

Kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n kà. Èyí ló yà mí lẹ́nu jù. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, dá àwòrán dúró, ó fi ìka kan ojú tẹlifíṣọ̀n, ó ń ka eku kọ̀ọ̀kan bí ẹni ka owó. Bàbá mi máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ayé kún fún eku lọ́jọ́ yẹn, èmi náà rántí ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ tó dúdú fún eku. Kò sí àwòrán kan tó rí bẹ́ẹ̀. Orí wa ló fi ìyókù kún un, orin àti ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn ló ràn án lọ́wọ́.

Torí náà ẹ pa ohùn ẹ̀. Pátápátá. Ẹ wo ibi eku yẹn láìsí ohùn, ẹ ó rí i pé nǹkan míì ni. Ẹ̀rù ò bà wá mọ́, àánú ló ṣe wá, eku kéékèèké tí ò mọ ibi tó ń lọ, tó ń yẹ̀ sọ́tùn-ún, tó ń yẹ̀ sósì, tí àwọn kan ń gbìyànjú láti padà sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni mo ti ń sunkún, mi ò fi pamọ́ fáwọn ọmọ.

Nípa ohùn yẹn náà, ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé kámẹ́rà tó ní lẹ́ńsì gígùn lè rí ẹran láti òkèèrè, ṣùgbọ́n máìkì ò lè gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹran lórí sínóò tẹ́ ẹ ń gbọ́ nínú fíìmù, ó wọ́pọ̀ pé èèyàn ló ń ṣe é nínú sítúdíò, wọ́n á rọ kọ́ọ̀nfíláwà sínú àpò, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́. A dán an wò nílé. A bu kọ́ọ̀nfíláwà tí mo fẹ́ fi ki ọbẹ̀ sínú ìbọ̀sẹ̀ tó mọ́, a so ẹnu ẹ̀, ọmọ mi fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ létí mi, kíríkí, kíríkí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohùn sínóò nínú ilé ìdáná ní Abẹ́òkúta, èmi tí mi ò fẹsẹ̀ tẹ sínóò rí. Látọjọ́ yẹn, kò sí fíìmù ẹranko tí wọ́n wò tí wọn ò béèrè ẹni tó ń ṣe ohùn ẹ̀. Ẹ tún lè sọ ti kookaburra fún wọn, ẹyẹ Ọsirélíà ni, igbe ẹ̀ dà bí ẹ̀rín, ọ̀pọ̀ fíìmù àtijọ́ tó bá ti wọ igbó Áfíríkà ni wọ́n ń fi igbe ẹyẹ yẹn sí. Kookaburra ò sí nígbó wa.

Ìgbà tí ohùn bá wà ní pípa, ẹ ní kí ọmọ fúnra ẹ̀ ròyìn ohun tó rí, ohun tó fojú rí nìkan o, kò gbọdọ̀ sọ ohun tí ẹran ń rò nínú. Tiwa, mo ní kí wọ́n ki eku náà bí ọlọ́dẹ ṣe ń ki ẹran nínú ìjálá, torí ọlọ́dẹ tó ń ki ẹkùn tàbí ẹfọ̀n, ó ti pàdé ẹ̀ rí, ó mọ ìrìn ẹ̀, ó mọ awọ ẹ̀. Ọmọbìnrin mi ní "onírù kúkúrú, a-fi-irun-bora bí ẹni wọ agbádá òtútù". Ẹ wò ó, ìlà kan yẹn, òótọ́ inú ẹ̀ ju ti gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yẹn sọ lórí eku náà lọ. Fíìmù míì nínú ọ̀wọ́ kan náà, The Living Desert tọdún 1953, fi orin ijó sí ìdí àkekèé méjì kí èèyàn lè fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Òótọ́ wà ńlẹ̀ tó dùn jùyẹn lọ: akọ àkekèé máa ń di ọwọ́ abo mú tí wọ́n bá fẹ́ra, wọ́n á jọ máa rìn síwá sẹ́yìn títí akọ á fi rí ilẹ̀ tó dáa. Kò nílò orin.

Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ síbi irọ́ o. Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń kùnà nìyẹn, ọmọ á kàn mọ̀ pé wọ́n parọ́, kò ní mọ eku náà síbẹ̀. Ẹ sọ ti eku gan-an. Nígbà òtútù, abẹ́ sínóò ni lemming ń gbé, á gbẹ́ ọ̀nà kiri níbẹ̀, á máa jẹ koríko àti ewédò, á sì máa bímọ lábẹ́ ibẹ̀. Oyún ẹ̀ kì í ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ọmọ tó bí náà ò ní pẹ́ tó fi máa bímọ tiẹ̀. Torí náà, ní bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin síra, wọ́n máa ń pọ̀ gan-an, lẹ́yìn náà wọ́n á sì dín kù wìì. Wọ́n pọ̀ lójijì tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará Norway láyé àtijọ́ fi gbà pé látojú ọ̀run ni wọ́n ń já bọ́ pẹ̀lú ìjì. Kí ló ń dín wọn kù? Àwọn onímọ̀ tó ṣiṣẹ́ ní Greenland gbé èsì kan jáde lọ́dún 2003, wọ́n ní ẹranko mẹ́rin tó ń pa wọ́n jẹ ló wà nídìí ẹ̀ níbẹ̀: òwìwí funfun, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ilẹ̀ òtútù, ẹran kékeré kan tí wọ́n ń pè ní stoat, àti ẹyẹ kan tí wọ́n ń pè ní skua. Tí ibì kan bá kún jù, lemming máa ń ṣí lọ wá ibòmíì, wọ́n mọ omi wẹ̀, tí odò bá wá fẹ̀ ju agbára wọn lọ, àwọn kan á rì. Ẹni tó ń wá oúnjẹ lọ tó rì sódò, ṣé a máa ní ó pa ara ẹ̀ ni?

Ẹ ṣí máàpù sórí fóònù. Ẹ fi Calgary hàn wọ́n, ẹ ní kí wọ́n fi ìka tọpa òkun tó sún mọ́ ibẹ̀ jù. Èyí ò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, wọn ò sì ní gbàgbé ẹ̀ láéláé.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé Inuit yẹn máa jáde, ọmọ á béèrè bóyá àwọn ló jẹ̀bi. Mo sọ fún tèmi pé rárá, ọmọdé mú eku, àgbàlagbà tó mọ ohun tó fẹ́ fi í ṣe ló rà á. Fíìmù ìgbà yẹn sábà máa ń pe àwọn èèyàn náà ní Eskimo, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò fẹ́ orúkọ yẹn, Inuit ni kẹ́ ẹ kọ́ ọmọ yín. Ti béárì funfun náà, ohun tó ti yí padà ló yẹ kẹ́ ẹ sọ: lọ́dún 1973, orílẹ̀-èdè márùn-ún tí béárì yìí wà lórí ilẹ̀ wọn fọwọ́ sí àdéhùn láti dáàbò bò ó, yìnyín orí òkun tó fi ń ṣọdẹ sì ti ń dín kù láti ìgbà náà wá, torí ayé ń móoru.

Kí ọmọ má bàa rò pé gbogbo fíìmù ẹranko ni irọ́, mo sọ ti BBC fún wọn. Lọ́dún 2011, nínú Frozen Planet, wọ́n fi ọmọ béárì funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí nínú ihò hàn, inú ọgbà ẹranko ní Netherlands ni wọ́n ti yà á, àwọn èèyàn sì bínú nígbà tí wọ́n gbọ́. Èmi ò bá wọn bínú bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá gbé kámẹ́rà wọ ihò abiyamọ nínú igbó, ó lè pa àwọn ọmọ yẹn tàbí kó pa kámẹ́ráàmàn. Wọn ò pa ohunkóhun lára, béárì máa ń bímọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, wọ́n sì ti kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ọgbà ẹranko ni. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ nínú fíìmù náà gan-an. Ọmọ mi ọkùnrin ò gbà, ó ní kí wọ́n fi ihò náà sílẹ̀ láìyà, kí wọ́n sọ pé àwọn ò rí ibẹ̀ dé. Mo jẹ́ kó di èrò tiẹ̀ mú.

Ó ku àgbà. Tó bá jẹ́ pé bàbá tàbí ìyá yín ló fi fíìmù yẹn hàn yín, ẹ má pè wọ́n lórí fóònù pé "Bàbá, irọ́ lẹ fi kọ́ wa", kò dáa, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò dáa. Ẹ má sì jẹ́ káwọn ọmọ ṣáájú yín sọ ọ́. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi kọ́ yín, kẹ́ ẹ má bá èrò lọ sínú ègbé, ó ṣì dúró, eku nìkan ni wọn ò mọ̀dí ẹ̀. Ẹ pè wọ́n wá wò ó bẹ́ ẹ ṣe jọ máa ń wò ó, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó síbi tí wọ́n máa ń jókòó, ẹ wá bi wọ́n ní ìbéèrè yẹn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n ran òun lọ́wọ́.

Bàbá mi wá lọ́jọ́ Àìkú kan. Wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn tẹ̀ lé e kó tó sọ ọ́, wọ́n há a sórí ju bí mo ṣe rò lọ. A dé ibi eku. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ rò pé ẹni tó ń ya eléyìí dúró sí?"

Wọ́n ní kí ọmọ dá a dúró. Wọ́n yọ gíláàsì wọn, wọ́n fi aṣọ nù ún, wọ́n wọ̀ ọ́ padà, wọ́n rọ́ sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n tí eékún wọn fi fẹ́ kan án. Ó pẹ́. Wọ́n ní, "Àbẹ̀ní, ìsàlẹ̀ ló wà. Ó ti wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó já."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

"Ó ń dúró dè wọ́n."

Wọ́n na ọwọ́ sí ọmọ mi fún rìmóòtì, wọ́n ní kó fi bí wọ́n ṣe ń dá a padà sẹ́yìn han àwọn.